Orúkọ Bàbá Lára Ọmọ Tuntun: Awuyewuye Lórí Ọkọ̀ Supra ti Ọdún 2019

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó wà nílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó kan mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ọ̀rọ̀ ogún ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ nìyí: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe ohun tuntun, tí ó sì fún un ní orúkọ ohun àtijọ́ kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn dénú, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé orúkọ náà yẹ ẹ́ tàbí pé kò yẹ ẹ́?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, níbi àfihàn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ṣe ní ìlú Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Akio Toyoda, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ Toyota nígbà náà, fi ọkọ̀ asáré kan han gbogbo ayé. GR Supra ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ó ti pé ọdún 17 tí Toyota ti ṣe Supra kẹ́yìn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ta àkọ́kọ́ nínú àwọn Supra tuntun náà ní gbàǹjo láti fi owó rẹ̀ ṣe ìtọrẹ àánú. Mílíọ̀nù dọ́là 2.1 ni ẹni tí ó rà á san, bẹ́ẹ̀ sì ni dọ́là 49,990 ni owó ìbẹ̀rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà kéde fún irú ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà.

Ènìyàn lè rò pé ohun tí wọ́n ra ní iye owó báyìí, ayọ̀ nìkan ni yóò mú wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àwọn kan dùn pé ẹni tí ó ti lọ padà dé. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní èyí kì í ṣe Supra, wọ́n ní ọmọ ẹlòmíràn ni Toyota gbé wálé tí ó fi aṣọ ìdílé wọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ náà di awuyewuye ní Amẹ́ríkà, ní Japan àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì tó ọdún mélòó kan kí ó tó rọlẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí ènìyàn mọ irú ẹni tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́. Wọn kì í ṣe àwọn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ nítorí àtidé ibi iṣẹ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó mọ ìtàn ọkọ̀ bí arọ́kin ti í mọ ìtàn ọba. Bí wọ́n bá dárúkọ A80 tàbí 2JZ, létí ọ̀gbẹ̀rì, nọ́ńbà lásán ni. Létí tiwọn, oríkì ni. A80 ni àmì tí Toyota fi dá ìran kẹrin Supra mọ̀. 2JZ sì ni orúkọ ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ Supra fúnra rẹ̀, láti inú èdè Látìn ni ó ti wá. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni “lókè” tàbí “rékọjá”. Orúkọ tí ó ní ìlérí nínú ni. Ẹni tí ó bá sì ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn yóò máa bèèrè ìlérí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ wo ilé tí Supra ti wá. Ọdún 1978 ni Toyota kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà náà, kò tíì dá dúró. Abẹ́ Celica ni ó wà. Celica XX ni wọ́n ń pè é ní Japan, Celica Supra ni wọ́n sì ń pè é ní òkè òkun. Ohun kan tí ó fi yàtọ̀ sí Celica gan-an ni pé wọ́n fa imú rẹ̀ gùn sí i, kí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà lè rí ààyè níbẹ̀, àwọn sìlíńdà náà sì tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, nítorí pé yóò padà wá sínú ẹjọ́ yìí. Ìran kejì jáde ní ọdún 1981. Ní ọdún 1986, ìran kẹta kúrò lábẹ́ Celica pátápátá, ó di ẹni ara rẹ̀. Ní ọdún 1993 ni ìran kẹrin dé, òun sì ni ó sọ orúkọ náà di ńlá.

Ẹ́ńjìnnì 2JZ tí ó wà nínú ìran kẹrin yìí jẹ́ lítà 3. Èyí tí ó ní turbo méjì nínú wọn, agbára ẹṣin 320 ni wọ́n kọ fún un ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára tí Toyota fún un ni ó sọ ọ́ di olókìkí, bí kò ṣe agbára tí àwọn ẹlòmíràn bá nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tú u palẹ̀ rí i pé irin tí wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì náà lágbára ju ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ béèrè lọ. Wọ́n pààrọ̀ turbo rẹ̀, wọ́n tún ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀ ṣe, àwọn kan sì fà á títí ó fi dé agbára ẹṣin 1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké àti lẹ́yìn ilé. Owó ara wọn ni wọ́n ná sí i. Ibẹ̀ gan-an ni òkìkí Supra ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Nígbà tí ìran kẹrin yìí wà lórí àtẹ, àwọn tí ń rà á kò pọ̀. Owó rẹ̀ ti ga jù, ọjà rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1998 ni Toyota dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2002, nígbà tí òfin tuntun nípa èéfín ọkọ̀ de ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré lọ́nà ní Japan, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá.

Láàárín ọdún méjèèjì yìí ni sinimá kan jáde, ní ọdún 2001, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Fast and the Furious. Nínú sinimá náà, Supra aláwọ̀ ọsàn kan ni Paul Walker wà, ọkọ̀ náà sì gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé. Nígbà tí Paul Walker fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2013, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà tún wá di ọ̀rọ̀ ìrántí olóògbé. Ní ọdún 2021, wọ́n ta Supra tí ó wà nínú sinimá náà ní gbàǹjo ní dọ́là 550,000. Ọkọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń wá ẹni tí yóò rà á láyé rẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fi owó ilé ńlá rà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣìnà tí wọ́n ní ìgbà tí a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Ère yìí ni Supra tuntun wá bá nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí bàbá àgbà bá kú, tí wọ́n sì bí ọmọkùnrin sínú ilé náà láìpẹ́ sí i, Babátúndé ni wọ́n ń sọ ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà lọ ni gbogbo ilé yóò ti máa wò ó. Ṣé bí bàbá ti ń rìn ni ó ń rìn? Ṣé bí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín ni ó ń rẹ́rìn-ín? Ìfẹ́ ni ó ń fa wíwò yìí, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni lórí ọmọ tí kò tíì lè rìn. Bí Toyota bá ti fún ọkọ̀ náà ní orúkọ mìíràn ni, ìbéèrè tí àwọn ènìyàn yóò bi í ni pé, ṣé ó dára? Ṣùgbọ́n nítorí pé Supra ni wọ́n pè é, ìbéèrè tí wọ́n bi í ni pé, ọmọ ta ni ọ́?

Ẹni tí ó fẹ́ kí orúkọ náà padà wá jù lọ ni Akio Toyoda. Kí ó tó di ààrẹ Toyota ní ọdún 2009 ni ó ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ Hiromu Naruse, ògbóǹtarìgì nínú àwọn awakọ̀ tí ń dán ọkọ̀ wò fún ilé-iṣẹ́ náà. Lójú pápá Nürburgring ní ilẹ̀ Jámánì, Supra àtijọ́ ni ó fi ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń gbé ọkọ̀ asáré tuntun wá síbẹ̀ láti dán an wò, ti Toyota ti di ọkọ̀ àlòkù. Ohun yìí dun Toyoda. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, Naruse kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nítòsí pápá náà, níbi tí ó ti ń dán ọkọ̀ wò. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Supra ti di ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn ààrẹ Toyota, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ òwò nìkan mọ́.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kì í rọ irin. Ẹni tí yóò ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun láti ìpìlẹ̀ yóò ná owó tí iye ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń tà lọ́dún kò lè dá padà. Toyota ti dẹ́kun àtimáa ṣe ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onísìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ BMW ti ilẹ̀ Jámánì kò dẹ́kun, iṣẹ́ náà sì ti mọ́ ọn lára láti ìgbà pípẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò jọ ṣiṣẹ́, ọkọ̀ asáré sì wà lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Tetsuya Tada ni ọ̀gá onímọ̀-ẹ̀rọ tí Toyota yàn fún iṣẹ́ náà. Wọ́n jọ fi ìpìlẹ̀ kan lélẹ̀. BMW fi ti tirẹ̀ ṣe Z4 tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, Toyota fi ti tirẹ̀ ṣe Supra. Ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria, ní ilé-iṣẹ́ Magna Steyr, ni wọ́n ti to ọkọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ẹjọ́ kìn-ín-ní tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ pè ni ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Supra tuntun, ẹ́ńjìnnì BMW ni yóò bá níbẹ̀. Bí ó bá jókòó sínú rẹ̀, bọ́tìnnì BMW ni yóò máa tẹ̀. Bí ó bá tú u, àmì BMW ni yóò rí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀. Wọ́n ní kí ni ó kù tí ó jẹ́ ti Toyota, bí kò ṣe awọ ìta àti orúkọ? Ní ojú tiwọn, òwe àwọn àgbà ni ó ṣẹ: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Pàtàkì ẹjọ́ yìí ni pé 2JZ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ̀ sí Supra. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan, tí ó mọ gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀, kò lè gbà pé ohun tí ó mọ̀ yẹn kò ṣe pàtàkì.

Ẹjọ́ kejì ni ẹjọ́ jíà. Nígbà tí Supra tuntun jáde, ọtọmátíìkì nìkan ni ó ní. Àwọn tí wọ́n ṣe é wí àwíjàre pé jíà náà, tí ó ní ipele mẹ́jọ, ń yí kánkán ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò bá ìbéèrè mu. Ẹni tí ó bèèrè jíà àfọwọ́yí kò sọ pé òun fẹ́ kí ọkọ̀ yára sí i. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun fẹ́ ní ọwọ́ nínú ìyára náà. Ẹni tí ń lu dùndún kò fẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun fún ọṣán ìlù, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ mọ ohùn ju òun lọ. Nínú fífún ọṣán náà gan-an ni ìlù lílù wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ lórí jíà ṣe rí fún irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kẹta ni ẹjọ́ ojú. Ní ọdún 2014, Toyota ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ àwòṣe kan tí ń jẹ́ FT-1 hàn ní Detroit, ọkọ̀ náà sì wu gbogbo ènìyàn. Nígbà tí Supra gan-an dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn kan sọ pé wọ́n ti rún ẹwà náà mọ́ ara rẹ̀, nítorí pé ó kúrú ju àwòṣe lọ. Ohun tí ó bí wọn nínú jù ni àwọn ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà lára ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò já síbì kankan. Tada ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọkọ̀ náà fún eré-ìje lè ṣí wọn kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kan gba àlàyé náà. Àwọn mìíràn ní ihò tí kò tíì jẹ́ ihò kò yẹ ní ara ọkọ̀ tí ó sọ pé iṣẹ́ ni òun wá ṣe.

Àwọn tí ń gbèjà Supra tuntun náà kò dákẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn sì ní ìwúwo. Wọ́n ní kí àwọn olùfẹ́ ìtàn ka ìtàn náà dópin. Ọkọ̀ asáré tí Toyota fi ń yangàn jù lọ, 2000GT ti ọdún 1967, àjọṣe Toyota àti Yamaha ni. Ọkọ̀ 86 tí ó jáde ní ọdún 2012, tí Tada kan náà jẹ́ ọ̀gá lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Subaru ni ó wà nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Subaru ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Bí àgbájọ ọwọ́ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wà nínú ìdílé kí Supra tó jáde. Wọ́n tún rán àwọn alátakò létí ìlà kan tí wọ́n ń fojú fò: ẹ́ńjìnnì BMW náà jẹ́ lítà 3, ó ní turbo, sìlíńdà rẹ̀ mẹ́fà sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Nítorí àtipa àṣà yìí mọ́ gan-an ni Toyota fi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní i.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi ìwà ọkọ̀ náà ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Supra tuntun jẹ́ mílímítà 2,470. Ó fi 100 mílímítà kúrú sí ti 86, bẹ́ẹ̀ sì ni Supra ni ó gùn ju 86 lọ lápapọ̀. Wọ́n pín ìwúwo rẹ̀ dọ́gba-dọ́gba láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń tẹ̀ lé ọwọ́ awakọ̀ kíákíá bí ó bá dé kọ́nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa dán ọkọ̀ wò ni wọ́n wà á tí wọ́n sì yìn ín. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń fa agbára ẹ́ńjìnnì sókè sì rí i láìpẹ́ pé ẹ́ńjìnnì BMW yìí náà kì í tètè rẹ̀. Ohun tí bàbá wọn ṣe pẹ̀lú 2JZ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é pẹ̀lú rẹ̀.

Níbo ni òtítọ́ wà láàárín ìhà méjèèjì? Ẹni tí ó bá fẹ́ dájọ́ náà ní láti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ètò yìí fi bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni, ta ni ó ni orúkọ. Lábẹ́ òfin, Toyota ni ó ni ín. Òun ni ó fi ránṣẹ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ kan jẹ́ lábẹ́ òfin yàtọ̀ sí ohun tí ó níye lórí. Ní ọdún 2002, nígbà tí Toyota pa Supra tì, orúkọ náà kò mú owó wọlé mọ́. Láàárín ọdún 17 tí ó tẹ̀ lé e, kì í ṣe Toyota ni ó bọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n ń tún èyí tí ó ti gbó ṣe ni, àwọn tí wọ́n ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ kiri ni, àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wọn ní oríkì rẹ̀ ni. Nígbà tí Toyota padà wá mú orúkọ náà láti fi ta ọkọ̀ tuntun, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ó mú lọ sọ́jà. Nítorí náà, àríwísí wọn kì í ṣe ariwo ọmọ aláìmoore. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni ó ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Ẹni tí ó ni ìrántí kò fi bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ iwájú. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí Toyota padà ṣe 2JZ gan-an kò bèèrè ọmọ, òkú ni wọ́n ní kí wọ́n jí. Òfin èéfín kò ní gbà, iye owó kò sì ní gbà. Ẹ má sì gbàgbé pé nígbà tí ojúlówó náà wà láàyè, ọjà ni kò tà. Ìfẹ́ tí kò yọjú nígbà tí ó lè gba ẹ̀mí là kò yẹ kí ó le koko jù nídìí ìsìnkú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Láti agbára ẹṣin 335 tí wọ́n kọ fún Supra onísìlíńdà mẹ́fà ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀, Toyota gbé e sókè dé 382 fún ti ọdún 2021. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó kéde jíà àfọwọ́yí onípele mẹ́fà fún ọkọ̀ náà, wọ́n sì ní láti to jíà náà fún Supra ní pàtàkì, nítorí pé Z4 onísìlíńdà mẹ́fà tí wọ́n jọ bí kò ní irú rẹ̀. Kò tó ọdún méjì sí i tí BMW fi kéde jíà àfọwọ́yí fún Z4 náà, ní ọdún 2024. Ẹni tí ó yá ni ní ẹ́ńjìnnì wá tẹ̀ lé ẹni tí ó yá a. Nígbà tí Toyota sì kéde ẹ̀dà ìkẹyìn ìran yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, tí ó ní 300 péré ni òun yóò ṣe, jíà àfọwọ́yí nìkan ni ó fi sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa wo ẹjọ́ mẹ́ta náà dáadáa. Ti ẹ̀jẹ̀, ti jíà, ti ojú: èwo ni ó so èso? Ẹjọ́ jíà ni. Kì í ṣe pé òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ariwo ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí ó fi lérè ni pé ó sọ ohun tí ó kù, ó sọ ìdí tí ohun náà fi ṣe pàtàkì, ohun tí ó béèrè sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe. Ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ kò béèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè fún un. Ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀fọ̀ ní ipò tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ pe ọ̀fọ̀ rẹ̀ ní àbá.

Ní ti orúkọ, ó jọ pé àkókò ti ń ṣe ìdájọ́ tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà báyìí tí Supra ti ọdún 2019 yìí jẹ́ Supra àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú rí lójú títì. Àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, tí wọ́n ń tún un tò, tí wọ́n sì ń fún un ní oríkì tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí Toyota bá tún fi orúkọ náà sọ ọkọ̀ mìíràn, kò ní yà ni lẹ́nu bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dìde pé èyí kì í ṣe Supra, tí wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì tí àwọn àgbà kọ̀ lónìí ṣe ẹ̀rí.

Ẹni tí a bá fún ní orúkọ àjogúnbá, ìwà rẹ̀ ni yóò fi gbà á, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó sì fún un ní orúkọ náà ní gbèsè kan lọ́rùn: láti máa fetí sí àwọn tí wọ́n pa orúkọ náà mọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé e jù sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n pa á mọ́ náà ní gbèsè tiwọn: kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ní ọ̀nà tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lè fi ọwọ́ ṣe é. Níbi tí gbèsè méjèèjì bá ti pàdé, ohun tuntun lè di ohun ìdílé.